Okùn Láti Igunpá Dé Ilẹ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí pẹ́, ẹ má bínú. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Mo gbìyànjú fóònù lóṣù tó kọjá bí ẹ̀gbọ́n mi tíṣà ṣe ní kí n ṣe, ẹ ní ohùn mi ń dún bí ẹ̀rọ ìlagi, ẹ sì gbé e kalẹ̀ kí n tó kí yín tán. Ogójì ọdún tí ẹ fi dúró ti ẹ̀rọ yẹn ló gba etí yín, mi ò lè bá a jà. Lẹ́tà ló kù fún wa, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Mo ṣì wà nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá náà, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń ká a. Yàrá ìlọṣọ ni wọ́n fi mí sí báyìí. A jẹ́ mẹ́jọ, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀. Àwọn tábìlì náà kúrú, bí ẹni pé ẹni tó kàn wọ́n kò rí èèyàn gígùn rí, tó bá sì ti ń di ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yìn mi a máa sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Ọ̀gá wa, ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù, kì í bú èèyàn. Ó kàn máa ń wo aṣọ tí o ká, á wá wo ìwọ náà, títí wàá fi tú u tí wàá tún un ká.

Kí lẹ fẹ́ kí n fi ránṣẹ́? Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí ẹ máa ń sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi á wá gbé fóònù, á ní mi ò ṣe tó.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, o ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú gíláàsì, ẹ̀ẹ̀kan láìsí gíláàsì kí n lè mọ̀ bóyá ojú mi ṣì wà, ẹ̀ẹ̀kan sókè fún Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ti ń gé irun mi láti ìgbà tí irun ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n kí ọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá jókòó sí ní ọ̀sán.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò. Lẹ́tà rẹ dán jù. Ó dà bí pákó tí wọ́n fá títí tí ojú igi kò fi hàn mọ́. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ara le, kò tó nǹkan. Ọdún mẹ́fà lo ti kúrò nílé, o kò ṣàìsàn rí, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ ọ́ rí, o kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Ta lo rò pé ó gbà ọ́ gbọ́? Bí àlejò bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí mi, n ó yìn ín. Ìwọ kì í ṣe àlejò.

Èmi náà kò ní fá tèmi. Orúnkún mi kò gbọ́ràn. Mo ti ti ìsọ̀ láti oṣù kọkànlá. Àwọn oníbàárà ti lọ ń ra àga oníke tó máa ń ṣẹ́ lábẹ́ èèyàn, inú wọn sì dùn sí i. Pákó tó kù wà lábẹ́ tápólì.

Mo ń tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, yàrá tìrẹ. Mo ti kó páálí inú rẹ̀ jáde, mo ti kun ògiri, mo sì ti kan bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ tí a máa sọ, ṣùgbọ́n kò tíì yá.

O ní kí ni mo fẹ́. Mo ti rò ó, ohun kan wà. Wọ bàtà tí o fi ń ṣiṣẹ́, dúró ṣánṣán, ká ọwọ́ rẹ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba àwo oúnjẹ, kí ẹnì kan wá na okùn láti igunpá rẹ dé ilẹ̀. Ẹ gé e síbẹ̀ gan-an, kí o fi í sínú lẹ́tà. Má kọ nọ́mbà ránṣẹ́ sí mi. Tépù ọ̀hún àti tèmi lè máà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, okùn ni kì í purọ́. Má sì bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. O mọ òfin ìsọ̀ wa: a kì í dárúkọ ohun tí à ń kàn kó tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Káfíńtà


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Lẹ́tà yín dé, ó sì dùn mí pé ẹ ti ìsọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Láti kékeré ni mo ti ń jí sí ariwo ìsọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tíṣà pè mí. Ó ní òun wá kí yín, ó ní yàrá náà mọ́, bẹ́ẹ̀dì náà sì dára. Ó sọ àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

Nípa ti okùn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì rí ẹni tó máa bá mi nà án. Iṣẹ́ pọ̀ lásìkò yìí. Ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ́kàn.

Ta ló ń se oúnjẹ fún yín? Ẹ kò sọ.

Ara mi le.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Mo kí ọ. Mo ṣí lẹ́tà rẹ, mo gbọn àpò ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, okùn kò jábọ́. Mo sọ ọ́ fún ara mi pé bóyá ó bọ́ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ìwé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ mẹ́jọ nínú yàrá kan, kò wá sí ẹnì kan tó lè tẹ̀ ba kó na okùn? Ìwọ tí o máa ń di ẹnu tépù mú fún mi láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí a má fá pákó jù, nítorí náà mo kọ ọ́. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo bèèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí tó pọ̀ jù. Okùn lásán ni.

Mo mọ ohùn rẹ nínú ìwé. Nǹkan kan wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ohun tí ọmọ lè sọ tó máa wó mi lulẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi orí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Okùn wà, ènìyàn wà. Mo kàn ń sá fún un ni.

Bàbá, inú ìsọ̀ yín ni mo ti dàgbà. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n láti igunpá dé ilẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ, kì í ṣe ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì ìdáná ni. Bí ẹ ṣe wọn Màámi nìyẹn kí ẹ tó kan èyí tó ṣì wà nílé títí dòní. Ẹ ti kun yàrá mi, ẹ ti kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ẹ wá ń wọn igunpá mi. Ẹni tó bá ti gbé ìsọ̀ rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ẹ fẹ́ kí n wá sílé wá máa tọ́jú yín.

Ẹ̀gbọ́n mi sì là á mọ́lẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó ní òun ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta àti kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, èmi ni mo dá wà, èmi ló kàn. Mo bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó ti purọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù keje, ó sì ní èmi ni kí n bọ́ sí ipò òun. Yàrá ìlọṣọ á di tèmi láti máa darí. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ọdún márùn-ún, Bàbá. Ẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin.

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ẹ débi pé ojú ń tì mí. Ọjọ́ mìíràn, bí mo bá ń ká aṣọ, mo ti máa ń to àwọn tábìlì náà lọ́nà mìíràn nínú ọkàn mi, n ó wá rántí yín nínú ilé yẹn lẹ́yìn ikú Màámi, ọwọ́ mi á dúró. Irú ọmọ wo ló fẹ́ràn yàrá olóoru ju bàbá rẹ̀ lọ? Mo ti kọ ìwé tí mo fi máa sọ fún wọn pé mi ò gbà á. Ó wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi.

Okùn náà nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú yàrá ìlọṣọ, tí à ń pè ní Kúkúrú, ló bá mi nà án, orí àpótí ló gun kó tó tó igunpá mi. Ẹ kan tábìlì náà. N ó wá.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Kí n tó kí ọ, ya ìwé tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ. Ya á sí mẹ́rin. Ó ti ya? Ó dáa. Jókòó, kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ. Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti ẹ̀yìn rẹ.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí Onígbàjámọ̀ fi sáré gbé omi wá. Lẹ́yìn náà mo sunkún, òun náà bá mi sunkún díẹ̀ láìmọ ohun tó fà á. Èèyàn dáadáa ni.

Jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì náà kò tó ọ. Bí o bá sùn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á máa kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò fi ojú wọ̀n ọ́n. Gíga rẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn yàrá kan náà, mo fi pẹ́ńsù fà á ní ọdọọdún. Bí mo bá fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì fún ọ, ṣé n ó fi àṣìṣe tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan kàn án? Onígbàjámọ̀ ni mo kàn án fún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán, ilé rẹ̀ ń dún bí àgbá òfìfo. Ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé láti àárọ̀ òun ò tíì gbọ́ ohùn ara òun. Èmi náà mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A wá sọ pé kí ló dé tí ọkùnrin méjì á máa dá iná méjì.

Ohun tó pa ẹnu mi mọ́ nìyí. Lọ́jọ́ tí ò ń lọ, o dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, o ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba yàrá mi o.” Mo ṣèlérí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbá yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi ọ́, kí o má bàa rò pé mo ti tì ọ́ síta. Nígbà tí okùn kò dé, mo ní o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ, o ń bínú. Ìwọ ń bẹ̀rù mi, èmi ń bẹ̀rù rẹ, tíṣà wà láàárín, ó ń pa òwe.

Ní ti òwe náà, òkété ni wọ́n sọ, wọn ò sọ káfíńtà. Eyín mi ṣì kù mẹ́rìndínlógún. Onígbàjámọ̀ ló sì ń se oúnjẹ, ó mọ̀ ọ́n sè ju èmi lọ, ó mọ̀ ọ́n sè ju ìwọ náà lọ, má bínú.

Okùn wá ńkọ́? N ó rú òfin ìsọ̀ lónìí, nítorí òfin yẹn ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Lóṣù kejì o kọ ọ́ sí mi pé tábìlì yín kúrú, pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́. O tún fi “kò tó nǹkan” lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Nínú lẹ́tà ọdún mẹ́fà, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló ní ojú igi. Mo sọ fún ara mi pé, ọmọ mi ń ṣàìsàn tábìlì, káfíńtà sì ni mí. Ìtìsẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ gbẹ́, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí n gbẹ́ ihò sí i lórí kí ẹsẹ̀ náà jókòó sínú rẹ̀ kó má yọ̀. Mo ti ní okùn igunpá. Okùn méjì ló kù: ọ̀kan láti ojú tábìlì dé ilẹ̀, ọ̀kan yí ẹsẹ̀ tábìlì ká. Igunpá rẹ ju ojú tábìlì lọ, mo mọ iye tó yẹ kó fi jù ú. Èyí tó bá lé ni ìtìsẹ̀.

Gba iṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mi ò fẹ́ rí ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe orúkọ rẹ nínú ilé kí n tó rántí pé o kò sí. Wá kí mi nígbà ìsinmi, ìyẹn ni mo ń retí, má sì jẹ́ kó pẹ́ tó ọdún mẹ́fà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí o wá fi ayé rẹ dúró ti tábìlì ìdáná nítorí tèmi, ta ló bẹ̀ ọ́?

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí gan-an. Kì í ṣe pé o jìnnà. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ kàn ń bi mí pé kí ni mo fẹ́, kí ni mo fẹ́, bí ẹni ń bi aláìsàn lórí ibùsùn. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ kì í pè mí: Bàbá, àpótí yìí ṣẹ́, Bàbá, ilẹ̀kùn yìí ń dún. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí n dìde láàárọ̀.

Bàbá rẹ,
Káfíńtà

Àfikún: ṣé Onígbàjámọ̀ lè kó wọlé? Ó ti di ẹrù, ó jókòó lé e.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje

Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo ti fọwọ́ sí i. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní ni.

Ìjẹta ni lẹ́tà yín dé, ọjọ́ méjì péré ló kù. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣí i, mi ò lè dúró dé inú yàrá. Nígbà tí mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo ya ìwé náà sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo wá jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mo ka ìyókù títí dé ìparí. Aládùúgbò mi kan bi mí bóyá ìròyìn burúkú ni. Mo ní rárá, bàbá mi kò nílò mi. Ó wò mí tìyanu tìyanu. Ó gba àlàyé gígùn.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù dúró tì mí nígbà tí mo fọwọ́ sí i. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ lára ìgbànú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lára kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀ kó tó fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ sọ fún Bàbá Onígbàjámọ̀ pé kí wọ́n kó wọlé lónìí. Kí ni wọ́n ń jókòó lé ẹrù sí? Mo ti gbàgbé pé mo sọ ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí nǹkan kan dúró dè mí ni. Ẹ̀yin lẹ dúró, ó ti tó. Àpótí ìwé mi nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àtipé, nítorí ojú igi: ọdún méjì sẹ́yìn mo ṣàìsàn ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò sọ fún yín. Ọ̀gá wa tó wà ṣáájú Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò fẹ́ràn mi, mo sì máa ń sunkún nínú yàrá aṣọ. Ó ti tán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí bàbá tó jìnnà. Mo rò pé ohun tí ọmọ rere ń ṣe ni kó máa kọ pé ara le.

Okùn méjèèjì wà nínú lẹ́tà yìí. Èyí tó ní kókó lẹ́nu ni ti ojú tábìlì.

Ọmọ yín tó ń bèèrè,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Ọ̀gá,

O kú oríire. Mo ka ti ọjọ́ mọ́kànlá náà. Mo bínú fún bí ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà inú mi rọ̀, nítorí pé o wá sọ ọ́. Tí o bá tún ṣàìsàn, kọ ọ́ nígbà tó bá ṣì ń ṣe ọ́.

Ìtìsẹ̀ mẹ́rin wà nínú àpótí yìí. Igi líle ni, ó ti gbẹ láti ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo jókòó sórí àga kí orúnkún má bàa rojọ́, Onígbàjámọ̀ di igi mú, ó ń fá ojú rẹ̀ bí ẹni ń fá orí oníbàárà, mo ní kó rọra, igi kì í hù padà. Ó ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn báyìí. Ó máa ń hanrun, ṣùgbọ́n etí mi kò gbọ́ ọ, nítorí náà a kò ní ìjà.

Mi ò lè mọ bí ilẹ̀ yín ṣe rí. Bí tábìlì bá ń mì, pákó pẹlẹbẹ méje wà nínú àpò kékeré, ki ọ̀kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tí kò bá tẹ́ ilẹ̀. Má sì sọ pé ó dára bí kò bá dára.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ bá mi kí Bàbá Onígbàjámọ̀ gidigidi.

Ẹ ní kí n má purọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tábìlì ń mì. Mo ki pákó pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ apá ọ̀tún, ó dúró. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ṣì ń wá ojú tábìlì nísàlẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo dé ilé, mo se oúnjẹ, mo jẹun tán, mo ti ń fọ àwo kí n tó rántí pé mi ò tíì di ẹ̀yìn mi mú láti àárọ̀. Mo pa omi, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, inú mi dùn, àárò yín sì sọ mí.

Àwọn ìyókù ti ń yọjú wo abẹ́ tábìlì mi. Wọ́n bi mí ibi tí mo ti rà á. Mo ní wọn kì í tà á, bàbá mi ló fi okùn ṣe é. Kò sí ẹni tó gbà mí gbọ́ àfi Kúkúrú, tó na okùn náà.

Nítorí náà, Bàbá, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Okùn méje wà nínú lẹ́tà yìí. Tábìlì wa dọ́gba, ìwọ̀n igunpá nìkan lẹ nílò. Mo ti so ìwé kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ ẹni tó ni ín. Èyí tó kéré jù ni ti Kúkúrú. Tirẹ̀ yàtọ̀, tábìlì ga jù fún un ni, pèpéle kékeré tó máa dúró lé ló nílò. Tí ó bá pọ̀ jù fún orúnkún yín, ẹ sọ. Tí kò bá pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é. Èmi ni ọ̀gá yàrá yìí, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, mi ò sì mọ káfíńtà mìíràn.

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oṣù kejìlá ni mò ń bọ̀. N ó sùn sórí àga gbọọrọ inú pálọ̀, ẹsẹ̀ mi á yọ síta, kò burú.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Okùn méje ti dé, kò sí èyí tó sọnù. Mo fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó méje lára ògiri, mo sì ti mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ oníbàárà. Sọ fún Kúkúrú pé tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé ó gba ìwọ gbọ́.

Mo ti ṣí ìsọ̀. Onígbàjámọ̀ gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún ti ń gé irun, irun àti èérún pákó ti dàpọ̀ nílẹ̀, a kò mọ ẹni tó yẹ kó gbá a. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá lánàá pẹ̀lú ojú àánú, ó ní ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ń fi mí ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Mo ní ọmọ mi ni. Mo wá fún òun náà ní sáńpépà.

Má sùn sórí àga kankan. Mo ń kan bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀ pẹ̀lú, o kò ní fi okùn ránṣẹ́, ìwọ̀n rẹ wà lára férémù, o kò sì lè ti ga sí i.

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kó di oṣù kejìlá. Ọwọ́ mi dí.

Bàbá rẹ,
Káfíńtà